ÌDÍ TÍ Ẹ̀YÀ KAN FI ṢÍWÁJÚ ÈKEJÌ NÍNÚ Ẹ̀KỌ́ ÌWÉ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn olóyè àti ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀)



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti mọ́ wa lẹ́nu ní ilẹ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í rò ó jinlẹ̀ mọ́ kí a tó sọ ọ́. A máa ń wí pé Yorùbá ni Ọlọ́run fún ní orí ìwé. Pé ará Òkè Ọya kò lè kàwé. Pé ọmọ alágbàṣe tí ó wà ní àbà wa, ìbáà ṣe Ebira, ìbáà ṣe Tiv tàbí Igede, oko ni a dá a fún. Bí a bá ń sọ èyí nídìí ẹmu, tàbí níbi ayẹyẹ ọmọ wa tí ó gba oyè yunifásítì, bóyá kò ní fi bẹ́ẹ̀ pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ya owó sọ́tọ̀ láti ran àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lágbára lọ́wọ́, a sì ní láti pinnu ọmọ ta ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ti di òṣùwọ̀n tí a ó fi pín owó, ó tọ́ kí a gbé e wá sí ìmọ́lẹ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òtítọ́ ni tàbí irọ́.

A kò ní sẹ́ ohun tí ojú rí. Ìyàtọ̀ ń bẹ láàárín ẹ̀yà àti ẹ̀yà nínú ẹ̀kọ́ ìwé, ó sì tóbi. Ní ọdún 1947, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó wà ní Òkè Ọya kò ju 3 lọ, àwọn ọmọ tí ó wà nínú wọn sì jẹ́ 251. Ní ọdún kan náà, ìhà gúúsù ní 43, pẹ̀lú ọmọ 9,657. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn tí ó wà ní Òkè Ọya pọ̀ ju ti gúúsù lọ. Ní 2013, tí í ṣe ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin lẹ́yìn náà, àwọn ìwé ìròyìn gbé máàkì tí a là sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba àpapọ̀ jáde: ọmọ Anambra ní láti gba 139; ọmọkùnrin Zamfara lè wọlé pẹ̀lú 4, ọmọbìnrin Zamfara pẹ̀lú 2. Bí a bá fi iye wọ̀nyí han ẹni tí kò mọ ìtàn, kò sí bí kò ṣe ní wí pé orí ni ó yàtọ̀ sí orí. Ìtàn ni a ó fi dá a lóhùn, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Orúkọ Ìjẹ̀bú wà lára orúkọ ìlú tí a wà yìí. Bí orúkọ náà ti ṣe dé ìhín, a fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà tí ìtàn wà lọ́wọ́ wọn. Ìjẹ̀bú ti Òde ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1846 ni àwọn oníwàásù Òyìnbó àti Àjàyí Crowther wọ Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Sàró, àwọn ọmọ wa tí a gbà kúrò nínú oko ẹrú tí wọ́n sì ti kàwé ní Sierra Leone, ti ń retí wọn. Nígbà tí ó di 1859, Ẹ̀gbá ti ní ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá, ilé ẹ̀kọ́ girama sì ti ṣí ní Èkó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà rẹ̀ pa. Kò gba Òyìnbó, kò sì gba Sàró, nítorí pé òun ni ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà òwò láàárín etíkun àti òkè, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá gba ipò náà mọ́ òun lọ́wọ́. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n nínú ìyẹn. Òwò ni wọ́n ń ṣọ́. Bí ọ̀mọ̀wé Ẹ̀gbá kan bá dúró ní ọdún 1880 tí ó ń ka iye ọmọ tí ó mọ ìwé ní Abẹ́òkúta àti iye tí ó mọ̀ ọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ohun tí ì bá dí i lọ́wọ́ láti wí pé a kò dá ìwé mọ́ Ìjẹ̀bú.

Ní ọdún 1892 àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn fọ́ ọ̀nà náà ní ogun Ìmàgbọ́n. Ohun tí ó tẹ̀lé e ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Àwọn tí ó ti kọ ìwàásù fún àádọ́ta ọdún bẹ̀rẹ̀ sí wá olùkọ́ fúnra wọn. Ní 1913, ilé ẹ̀kọ́ girama ti Ìjẹ̀bú-Òde ṣí. Ní ọdún kan náà gan-an ni ti Ìbàdàn ṣí, Ìbàdàn tí ó ti gba oníwàásù láti 1853. Ẹ ṣírò rẹ̀: ní ọdún mọ́kànlélógún péré, ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá ti bá ẹni tí ó ṣíwájú rẹ̀ dọ́gba. Lónìí, ta ni yóò dúró ní ọjà Ìjẹ̀bú-Òde kí ó wí pé Ìjẹ̀bú kò ní orí ìwé? Ẹ̀jẹ̀ kì í yí padà ní ọdún mọ́kànlélógún. Ọ̀nà ni ó ṣí.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo inú ilé Yorùbá síi. Láàárín ọmọ baba kan náà, ní Èkó, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìbàdàn, a rí i pé èyí tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ lọ sí ilé ìwé, èyí tí ó jẹ́ mùsùlùmí kò lọ. Kí ni ìdí? Àwọn ìjọ ni ó ni ilé ìwé, baba mùsùlùmí sì mọ̀ pé bí ọmọ òun bá wọ ibẹ̀ ní Mòmódù, ó ṣeé ṣe kí ó jáde ní Mósè. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa. Nígbà tí àwọn mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìwé tiwọn, àwọn ọmọ náà wọlé, wọ́n sì ń yege. A kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé ẹ̀jẹ̀ mùsùlùmí Yorùbá yàtọ̀ sí ti onígbàgbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ọ̀ràn kan náà bá ṣẹlẹ̀ ní Kánò, ẹ̀jẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ pè.

Ó wá yẹ kí a lọ sí Òkè Ọya tí ọ̀rọ̀ náà gan-an kàn. Ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń gbàgbé ni pé wọ́n ń kọ ìwé ní Kánò àti ní Katsina ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó kọ lẹ́tà kan sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Nana Asma'u, ọmọbìnrin Usman dan Fodio, tí a bí ní 1793 tí ó sì kú ní 1864, ń kọ ewì ní èdè Lárúbáwá, ní Fulani àti ní Haúsá; ó sì kọ́ àwọn obìnrin tí ó di olùkọ́, wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé láti kọ́ àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀yin baba wa, ẹ dárí jì wá: ìlú Yorùbá wo ni ó ní irú èyí nígbà ayé rẹ̀? A kò ní irú rẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ni wọ́n, ilé kéwú wọn sì jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé a yí òṣùwọ̀n padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Lugard gba Sókótó ní 1903, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì di òṣùwọ̀n, ẹni tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ka ìwé Lárúbáwá sì di ẹni tí a ń kọ sínú ìwé ìjọba pé kò mọ ìwé.

Ní ọjọ́ náà Lugard ṣèlérí pé ìjọba òun kì yóò fọwọ́ kan ẹ̀sìn wọn. Láti inú ìlérí yìí ni ìjọba ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn ìjọ ní ilẹ̀ àwọn ẹ́míà. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọba fi ilé ìwé tirẹ̀ rọ́pò ti àwọn ìjọ, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìhà tiwa àwọn ìjọ ni ó ń kọ́ ilé ìwé, tí wọ́n ń wá olùkọ́, ìjọba sì ń fi owó díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ìhà tiwọn, ó di 1909 kí Hanns Vischer tó ṣí ilé ìwé ìjọba ní Kánò, ó sì di 1922 kí kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina tó ṣí. Ọmọ díẹ̀ ni ìjọba fẹ́ níbẹ̀, pàápàá ọmọ àwọn ọlọ́lá, kí wọn kí ó lè di olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ àwọn ẹ́míà. Àwọn aláṣẹ kò fẹ́ kí irú àwọn akọ̀wé Èkó, tí ń kọ ìwé ìròyìn tí ń bá ìjọba jà, tún hù ní Kánò. Láti inú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo yìí ni Ahmadu Bello àti Abubakar Tafawa Balewa ti jáde, ẹni tí ó di Olórí Ìjọba ní Òkè Ọya àti ẹni tí ó di Olórí Ìjọba Nàìjíríà. Bí ihò abẹ́rẹ́ bá lè mú irú èyí jáde, kí ni ẹnu ọ̀nà ńlá ì bá mú jáde?

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó dùn mọ́ wa nínú, nítorí pé ó dà bí ẹni pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Dókítà Walter Miller ti ìjọ CMS wà nínú ìlú Zaria fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1929 ìjọ rẹ̀ ṣí lọ sí Wusasa, lẹ́yìn odi ìlú. Wusasa kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Zaria. Omi kan náà ni wọ́n ń mu, èdè Haúsá kan náà ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ilé ìwé wà ní Wusasa. Láti agbo kékeré náà ni R. A. B. Dikko, ọmọ Fulani, ti jáde, tí ó di dókítà ìṣègùn àkọ́kọ́ láti Òkè Ọya. Níbẹ̀ náà ni Yakubu Gowon ti dàgbà. Odi amọ̀ kan ni ó wà láàárín àwọn tí ó kàwé àti àwọn tí kò kà á.

Àwọn kan lè bèèrè pé, nígbà tí ilé ìwé ti ń pọ̀ níbẹ̀ nísisìyí, èéṣe tí ààfo náà kò tíì dí? Ìdí méjì ni a rí. Èkíní, ìwé a máa bí ìwé. Ìyá tí ó kàwé ni ó ń jókòó ti ọmọ ní alẹ́. Ẹni tí ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lánàá ni ó ń ṣe olùkọ́ lónìí. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1846 ní ìyá àgbà mẹ́ta tí ó mọ ìwé ṣáájú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogun Hitler. Èkejì, baba a máa wo ohun tí ìwé yóò mú wá. Ní Èkó, ìjọba, àwọn ilé òwò àti rélùwéè ń wá akọ̀wé, owó oṣù sì ń wọlé lójú gbogbo ènìyàn. Ní Sókótó, ẹni tí ó mọ kéwú ni ó ń di alukáálì. Akọ̀wé tí ó jókòó ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Kánò, ọmọ gúúsù ni, a ti gbà á síṣẹ́ kí ọmọ Kánò tó débẹ̀. Ní ti máàkì 139 àti 4 tí a dárúkọ, èrò wa ni pé kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Kò kọ́ ilé ìwé kan fún ọmọ abúlé Zamfara, ó sì ń kọ́ ọmọ Anambra láti kẹ́gàn rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ipò tí Yorùbá wà yìí jẹ́ ogún tí kò lè bọ́, kí ó wo ìlà oòrùn. Crowther dá iṣẹ́ ìjọ CMS sílẹ̀ ní Onitsha ní 1857, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá Arochukwu jagun ní 1901 sí 1902 kí ilé ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ilẹ̀ Ìgbò lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn wa ni wọ́n wà nígbà náà, ẹ̀yìn tí ó jìnnà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lé wa bá yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún irú ẹgbẹ́ tiwa yìí: ìlú dá owó jọ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ́ ilé ìwé, wọ́n sì rán ọmọ ẹni tí kò ní lọ. Àwọn Ibibio, tí wọn kò lówó tó wa, fi owó tí gbogbo ilẹ̀ wọn dá rán ọmọ mẹ́fà lọ sí òkè òkun ní 1938. Wọn kò bèèrè pé ọmọ ta ni.

Ní Ọ̀wọ̀ níhìn-ín, ó yẹ kí a mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ìlú yìí ni a ti fi ẹgbẹ́ Action Group han gbogbo ayé ní ọjọ́ 28 oṣù April, 1951. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Michael Adékúnlé Ajáṣin, tí ó di ọ̀gá Imade College ní 1947, òun ni ó sì kọ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ náà. Láti inú èrò yẹn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti jáde ní ọjọ́ 17 oṣù January, 1955. Ní 1954 àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn jẹ́ bíi 457,000. Ní 1955 wọ́n ti lé ní 811,000. A bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀: ta ni ó wọ inú ilé wa láàárín Kérésìmesì àti oṣù January tí ó pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 354,000? Ọmọ kan náà tí ó wà ní oko kòkó ní December ni ó wà lórí bẹ́ǹṣì ní January. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa má sì ṣe rò pé ó rọrùn. Owó orí tí a bù kún un nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera bí àwọn ènìyàn nínú, ẹgbẹ́ náà sì fìdí rẹmi ní agbègbè tirẹ̀ nínú ìbò àpapọ̀ ti 1954. Àwọn olùkọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ pọ̀. Síbẹ̀ a kò pa á tì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń fi orí ìwé yangàn lónìí ni ó sì jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó wọlé ní ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun a máa mú orí wa wú. A ń gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó ti Nàìjíríà lọ ní oyè yunifásítì ju àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ ní ìpíndọ́gba. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń rí físà gbà? A ti fi ajọ̀ ku wọ́n kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó bá mú ìyẹ̀fun tí a ti kù, tí ó wá fi wé àgbàdo inú ọlọ, kò ṣe ìdájọ́ òdodo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti erékùṣù West Indies wá rí ìdàkejì rẹ̀. Ní 1971 olùkọ́ kan láti Grenada, Bernard Coard, tẹ ìwé pélébé kan jáde, ó sì fi hàn bí a ti ń kó ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ tí a kà sí aláìpé ọpọlọ, nítorí pé wọn kò sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Lọ́ńdọ́nù àti nítorí pé olùkọ́ kò retí ohun rere kan lọ́dọ̀ wọn. Àwọ̀ wọn àti àwọ̀ wa kò yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá ńlá wọn, etíkun wa yìí ni a ti kó wọn lọ. Bí a bá gba ìyìn ti Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀jẹ̀, ẹ̀gàn ti Lọ́ńdọ́nù náà yóò jẹ́ tiwa.

A kò wí pé àṣà ilé kò já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ ọ. A mọ ohun tí Èkìtì fi ojú rí nítorí ìwé, iye iṣu tí a tà, iye aṣọ tí ìyá kò rà, kí ọmọ lè lọ sí Christ's School ní Adó láti 1933 wá. Ṣùgbọ́n àṣà a máa wọ ilé, a sì máa jáde. Bí ọmọ tiwa bá ń rí i pé ẹni tí kò kàwé ni ìlú ń fi oyè dá lọ́lá nítorí owó tí a kò mọ orísun rẹ̀, àṣà náà ti ń wá ọ̀nà ilẹ̀kùn nìyẹn. Ẹ̀yin olóyè, ọwọ́ yín ni èyí wà, a kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àbà. Àwọn Ebira, Tiv àti Igede tí ó wà ní oko wa ni ó ń ro kòkó, tí ó ń kọ ebè iṣu tí a ń jẹ. Àwọn ọmọ wọn kò sí ní ilé ìwé tó bí ó ti yẹ, a sì ti sọ ìdí rẹ̀ di ti orí. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti inú àbà dé ilé ìwé tí ó súnmọ́ jù ní àsìkò òjò yóò mọ ìdí mìíràn. Òbí wọn a máa ṣí láti oko kan sí òmíràn bí iṣẹ́ bá ti parí. Nígbà tí olùkọ́ bá fi mọ orúkọ ọmọ tán, ọmọ ti lọ. Ní ilé ìwé, èdè tí olùkọ́ fi ń ṣàlàyé kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ti 2004 sì ti wí pé ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ; òfin náà kò wí pé ọmọ onílẹ̀ nìkan.

Nítorí náà a dá a lábàá pé kí owó ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ má ṣe bèèrè ẹ̀yà, bí kò ṣe ibi tí ọmọ ń gbé àti ohun tí òbí rẹ̀ ní. Kí a tó dìbò lórí èyí ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, a bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní oko ní ọ̀nà Ìpele, ní ọ̀nà Ùsò, títí dé apá Ifọ̀n, kí ẹ ka àwọn ọmọ tí ó wà ní àbà yín: ọjọ́ orí wọn, ilé ìwé tí ó súnmọ́ wọn jù, bí ó ti jìnnà tó, àti oṣù tí òbí wọn máa ń ṣí kúrò. Akọ̀wé yóò pín ìwé tí a ó kọ ọ́ sí kí a tó jáde ní alẹ́ yìí. Níbi tí olórí àbà kò bá mọ ìwé kọ, àwọn olùkọ́ tí ó wà láàárín wa ti gbà láti bá a kọ ọ́.